Rọ́tà wa jóná: ṣé a lè fi sáfà àti FRR rọ́pò rẹ̀?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, aago 8:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni iná dé tagbáratagbára, ó sì ba rọ́tà ńlá wa jẹ́. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jó, ẹni tó ń tún un ṣe sì ní kí á má wulẹ̀ náwó sí i mọ́.

ISP (ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì) kékeré ni wá ní Ìbàdàn. Ilé-ìwé mélòó kan, ilé ìwòsàn méjì àti àwọn ilé gbígbé ni oníbàárà wa. A ní nọ́ńbà AS tiwa (èyí tí a fi ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ̀) àti /24 kan (àdírẹ́sì 256) láti ọ̀dọ̀ AFRINIC, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà. Olùpèsè méjì là ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn, fáìbà àwọn méjèèjì sì ń bọ̀ láti Èkó. Ní báyìí ọ̀kan ṣoṣo la fi ń ṣiṣẹ́, lórí rọ́tà kékeré tí a yá, òun náà kò sì lè gbé ju default route (ọ̀nà kan ṣoṣo fún gbogbo ẹrù) lọ.

Owó dọ́là tí wọ́n ń bèèrè fún rọ́tà tuntun kò sí nílẹ̀. Sáfà kan wà nílẹ̀: Xeon, kọ́ọ̀ 8, RAM 32GB, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì olójú mẹ́rin, 10Gb lójú kọ̀ọ̀kan. Ṣé a lè gbé FRR tàbí BIRD (sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tó ń sọ kọ̀ǹpútà di rọ́tà) sórí rẹ̀ kó máa ṣe iṣẹ́ rọ́tà gidi? Kì í ṣe pé kí á fi dí ihò fún ọ̀sẹ̀ kan o. Lálẹ́ tí gbogbo èèyàn bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kì í ju 2Gb lọ.

---

WáyàDúdú · Ọjọ́ Ajé, aago 9:15 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ wá rọ́tà MikroTik alágbára kan rà, kódà kó jẹ́ àlòkù. RouterOS 7, sọ́fítíwia inú MikroTik, ti tún BGP rẹ̀ (èdè tí àwọn rọ́tà fi ń sọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì fún ara wọn) kọ látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bíi ti ẹ̀dà 6 tó máa ń lọ bí ìgbín nígbà tí ẹ bá gbé gbogbo ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Sáfà ní háàdì dísíìkì tó lè kú, fáànù tó lè dúró, ó sì ń jẹ iná. Ọ̀rọ̀ iná yìí ni kí ẹ rò dáadáa, torí òun ló pa èyí àkọ́kọ́. Sáfà kì í ṣe rọ́tà.

---

ÌyáSáfà · Ọjọ́ Ajé, aago 10:02 àárọ̀

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, ẹ kú ìnira. WáyàDúdú, òótọ́ lẹ sọ nípa iná, ṣùgbọ́n pé sáfà kì í ṣe rọ́tà, n kò gbà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń fi Linux gbé ẹrù àwọn èèyàn.

Nǹkan méjì ló yẹ kí á yà sọ́tọ̀. FRR fúnra rẹ̀ kì í gbé páàkẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kékeré) kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bá àwọn aládùúgbò (àwọn rọ́tà tó so mọ́ tiyín) sọ̀rọ̀, kó gbọ́ ọ̀nà tí kálukú mọ̀, kó yan èyí tó dára jù, kó sì gbé e fún kernel Linux, ọkàn ètò inú sáfà náà. Kernel ló ń ru ẹrù. Nínú FRR náà, iṣẹ́ pín láàárín wọn: bgpd ń sọ BGP, ospfd ń sọ OSPF (irú èdè bẹ́ẹ̀ fún inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni), bfdd ń ṣọ́ bóyá aládùúgbò ṣì wà láàyè, zebra sì ń kó ohun tí gbogbo wọn rí jọ fún kernel. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, watchfrr á jí i dìde.

Zebra yẹn ní ìtàn. Kunihiro Ishiguro ló bẹ̀rẹ̀ GNU Zebra ní 1996. Nígbà tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ falẹ̀, àwọn mìíràn mú kóòdù rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Quagga, orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kan ní Gúúsù Áfíríkà tí ìran rẹ̀ ti run tán. Quagga náà wá falẹ̀, ni àwọn tó ń lò ó fún iṣẹ́ ńlá bá yà kúrò ní 2017, wọ́n sì dá FRRouting sílẹ̀ lábẹ́ Linux Foundation. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ìwé ìtọ́ni Quagga pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra. Àṣẹ inú rẹ̀ lè jọ ti FRR, kó má sì ṣe nǹkan kan náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: VyOS, SONiC tí Microsoft bẹ̀rẹ̀, Cumulus Linux, FRR ló wà nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ àpótí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ohun tí ẹ fẹ́ gbé sórí sáfà yín lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó lè yọ yín lẹ́nu kì í ṣe gígabìtì, iye páàkẹ́ẹ̀tì ni. Bí 10Gb bá kún fún páàkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù lọ, ó jẹ́ mílíọ̀nù 14.88 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kernel lásán lórí kọ́ọ̀ 8 kò ní lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n 2Gb àwọn tó ń wo fídíò, páàkẹ́ẹ̀tì ńláńlá ni, sáfà yín á gbé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi DDoS (ẹrù àìdáa láti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà) kọlù yín ni ìyàtọ̀ á hàn. RAM 32GB tó, ó tún ṣẹ́kù, bí ẹ bá tilẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Debian ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gba FRR láti ibùdó páákéèjì FRR fúnra rẹ̀ kó lè jẹ́ tuntun.

---

Ará_Peckham · Ọjọ́ Ajé, aago 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ÌyáSáfà. London ni mo wà, BIRD sì ni mò ń bá ṣe lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n gbè é díẹ̀. Ní yunifásítì Charles ní Prague ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, CZ.NIC ló sì ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ISP ti ń pàdé láti pààrọ̀ ẹrù lágbàáyé, BIRD ni wọ́n fi ń ṣe route server wọn (sáfà tó ń pín ọ̀nà fún gbogbo wọn), torí àsẹ́ (filter) inú rẹ̀ dà bí èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá wù yín lẹ lè fi sẹ́ ọ̀nà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè. Bí mo bá tẹ `configure timeout` nínú birdc, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ sí BIRD, tí àtúnṣe mi sì ti èmi fúnra mi mọ́ta, BIRD á dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àyàfi bí mo bá tẹ `configure confirm`. VyOS ní irú rẹ̀, `commit-confirm`. FRR lásán kò ní i.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé àṣẹ tó jọ ti Cisco ni ọwọ́ yín ti mọ́, vtysh, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ sí FRR, á rọ̀ yín lọ́rùn ju ti BIRD lọ.

---

Ọ̀nàKanÒWọjà · Ọjọ́ Ajé, aago 4:48 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ tó yan sọ́fítíwia, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùpèsè yín méjèèjì pé kòtò wo ni fáìbà wọn gbà láti Èkó dé Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ kòtò kan náà ní ẹ̀gbẹ́ títì kan náà, katakata kan ṣoṣo ló máa gé méjèèjì, BGP kò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024. Kébù abẹ́ òkun mẹ́rin ló já lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Orúkọ mẹ́rin ni lórí ìwé, ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé ewu. Oníbàárà mi kan gbà pé òun ní ọ̀nà méjì, títí ó fi rí i lọ́jọ́ náà pé orí kébù kan náà ni olùpèsè rẹ̀ méjèèjì gbé ẹrù òun lé.

Bí ẹ bá sì ti ní AS tiyín, ẹ wá ọ̀nà dé IXPN ní Èkó, ibi tí àwọn ISP Nàìjíríà ti ń pààrọ̀ ẹrù. Láti 2006 ló ti wà. Ohun tó bá wà nílé níbí, ẹ kò nílò òkun láti dé ibẹ̀.

---

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:20 àárọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àgbà. Mo bèèrè nípa kòtò. Ọ̀kan gba títì márosẹ̀, èkejì gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọlé. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

FRR ni mo yàn. Mo ti gbé e sórí ẹ̀rọ, mo ti sọ bgpd di `yes` nínú `/etc/frr/daemons`, ìjókòó BGP méjèèjì sì dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo kò wọlé. Bí mo bá tẹ `show bgp summary`, ibi tó yẹ kí iye ọ̀nà wà, ọ̀rọ̀ kan ni mo ń rí: Policy. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn méjèèjì, ní wíwọlé àti ní jíjáde. Olùpèsè kìíní ní àwọn ń fi gbogbo ọ̀nà ránṣẹ́. Kí ni mo ṣì ṣe?

---

Ìlọrin_Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:41 àárọ̀

Ó ṣe èmi náà rí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọ inú `router bgp`, kí ẹ tẹ:

```
no bgp ebgp-requires-policy
```

Gbogbo rẹ̀ á wọlé lójú ẹsẹ̀.

---

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:05 ọ̀sán

Ó ṣiṣẹ́ o! Ọ̀nà nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ti wọlé láti ọ̀dọ̀ olùpèsè kìíní, ti èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ṣé gan-an, àbúrò.

---

ÌyáSáfà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:31 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò NÍSINSÌNYÍ. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa yọ, ẹ tẹ `neighbor … shutdown` fún ọ̀kan nínú wọn títí ẹ máa fi ka ohun tí mo ń kọ lọ́wọ́. Ẹ pè mí bí ẹ bá rí èyí.

---

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:10 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yín kò bá mi nílé, mà. Olùpèsè kejì gé ìjókòó náà fúnra wọn, ohun tó wà nínú log (àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ) ni pé iye prefix (ọ̀wọ́ àdírẹ́sì) tí wọ́n gbà wá láyè ti kọjá. Ti olùpèsè kìíní burú jù ú lọ. Fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ẹrù tí kì í ṣe tiwa kún fáìbà wa dẹ́nu, kò sí oníbàárà kankan tó lè ṣí ojú-ewé kan. Ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ wọn pè, ó sì bèèrè pé ṣé a ti di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti gé gbogbo rẹ̀, a ti padà sórí rọ́tà tí a yá. Ilé ìwòsàn kan nínú àwọn oníbàárà wa ń kó àwòrán X-ray ránṣẹ́ nígbà yẹn. Inú mi kò dùn rárá.

---

ÌyáSáfà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bọkàn jẹ́ jù. Ó ti ṣe àwọn tó jù wá lọ fíìfíì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. BGP kò mọ ta ni oníbàárà, ta ni olùpèsè. Bí ẹ kò bá ti sọ ohunkóhun fún un, ọ̀nà tó dára jù tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan, á lọ rò ó fún ẹnì kejì. Nítorí náà, ohun tí olùpèsè kejì sọ fún yín, FRR yín gbé e lọ bá olùpèsè kìíní pé, "Ẹ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, mo mọ ọ̀nà." Ẹ lè ní pé ọ̀nà tó gba Ìbàdàn kọjá gùn, ta ni yóò yàn án? Wọ́n á yàn án. ISP ń gbowó lórí ẹrù tó bá gba ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀, ó sì ń sanwó lórí èyí tó bá gba ibòmíràn, nítorí náà wọ́n máa ń fún ọ̀nà oníbàárà ní local preference (nọ́ńbà tí ISP fi ń sọ ọ̀nà tó wù ú) tó ga jù. Local preference ni BGP sì kọ́kọ́ máa ń wò kó tó wo gígùn ọ̀nà. Bí ẹrù ọlọ́rọ̀ ṣe wọ inú ilé kékeré nìyẹn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2018, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, gbogbo ayé sì gbọ́. MainOne, ilé-iṣẹ́ tó ni kébù MainOne, ń ṣe àtúnṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, àsẹ́ BGP wọn ní àṣìṣe, ọ̀nà Google bá jò lọ sọ́dọ̀ China Telecom. Ẹrù Google láti ibi púpọ̀ yà lọ sí ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 74 ni ó gbà kí wọ́n tó tún un ṣe, MainOne fúnra wọn ló sì jáde sọ pé àṣìṣe àwọn ni. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn. Kò sí ẹni tó jalè níbẹ̀, kò sí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àsẹ́ lásán ni.

Torí irú èyí ni àwọn tó ń kọ òfin íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gbé RFC 8212 jáde ní 2017: láàárín AS méjì, bí kò bá sí àsẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ, kí ọ̀nà kankan má wọlé, kí ọ̀kankan má sì jáde. FRR ti ń tẹ̀ lé e láti ẹ̀dà 7.4. Ọ̀rọ̀ Policy tí ẹ rí kì í ṣe àrùn. Ilẹ̀kùn ni, FRR sì ń dúró kí ẹ sọ ẹni tó lè wọlé.

Mo fi èyí tí mò ń lò ránṣẹ́, mo ti pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà. Ká ní 203.0.113.0/24 ni tiyín, AS yín ni 64500, olùpèsè kìíní ni 64501:

```
ip route 203.0.113.0/24 blackhole
!
ip prefix-list TIWA seq 5 permit 203.0.113.0/24
!
ip prefix-list MA-GBA seq 5 permit 203.0.113.0/24 le 32
ip prefix-list MA-GBA seq 10 permit 10.0.0.0/8 le 32
ip prefix-list MA-GBA seq 15 permit 172.16.0.0/12 le 32
ip prefix-list MA-GBA seq 20 permit 192.168.0.0/16 le 32
ip prefix-list MA-GBA seq 25 permit 0.0.0.0/0 ge 25
!
route-map SI-OKE permit 10
 match ip address prefix-list TIWA
!
route-map LATI-OKE deny 5
 match ip address prefix-list MA-GBA
route-map LATI-OKE permit 10
!
router bgp 64500
 neighbor 192.0.2.1 remote-as 64501
 address-family ipv4 unicast
  network 203.0.113.0/24
  neighbor 192.0.2.1 route-map LATI-OKE in
  neighbor 192.0.2.1 route-map SI-OKE out
```

SI-OKE, àsẹ́ ohun tó ń jáde, ni ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú TIWA nìkan ló ń jáde, ìyókù ń kú sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹ kọ deny kankan, torí òpin route-map, kíkọ̀ ni. Ìlà blackhole tó wà lókè, ẹ má yọ ọ́: bí /24 yẹn kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ọ̀nà sáfà, FRR kò ní kéde rẹ̀. Àwọn /27 àti /28 tí ẹ pín fún oníbàárà á ṣì máa gba ọ̀nà tiwọn, torí èyí tó ṣe pàtó jù ló ń borí.

Ẹ tún wọ MyAFRINIC, kí ẹ ṣe ROA fún /24 yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Òun ló ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn mọ AS tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde àdírẹ́sì yín.

---

Ìlọrin_Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Mọ́kọ́lá. Nínú lábù ni mo ti lò ó, lórí ẹ̀rọ méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, n kò sì rò ó kọjá ibẹ̀. ÌyáSáfà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ibì kan wà tó tọ́ láti pa á?

---

ÌyáSáfà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ó wà, ọmọ mi. Nínú dátà sẹ́ńtà tí gbogbo rọ́tà jẹ́ tẹni kan náà, tí ẹ ń fi eBGP (BGP láàárín AS méjì) so àwọn àgbékọ́ sáfà pọ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ `frr defaults datacenter`, ó ti pa á fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ibodè tí ẹ ti ń bá ilé onílé sọ̀rọ̀, rárá.

---

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́bọ̀, aago 7:55 àárọ̀

Lánàá ni mo kọ àsẹ́, mo sì gbé e wọlé lóru, olùpèsè kan lẹ́yìn èkejì. Gbogbo rẹ̀ dára. Òwúrọ̀ yìí ni mo wá fi àdírẹ́sì kan kún ojú kan lára káàdì, mo tẹ `netplan apply` kí àtúnṣe náà lè múlẹ̀, ni gbogbo ọ̀nà BGP bá pòórá nínú kernel. FRR ṣì ń fi wọ́n hàn mí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo restart FRR ni wọ́n padà. Ubuntu ló wà lórí sáfà náà, kì í ṣe Debian, torí òun ni wọ́n ti gbé sí i tẹ́lẹ̀.

---

Ará_Peckham · Ọjọ́bọ̀, aago 9:03 àárọ̀

Mo mọ ọ̀daràn yìí dáadáa. systemd-networkd ni, ètò tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Ubuntu yín. Bó bá rí ọ̀nà nínú kernel tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́, á kà á sí àjèjì, á sì gbá a dànù. Ẹ ṣí `/etc/systemd/networkd.conf`, lábẹ́ `[Network]`, kí ẹ kọ:

```
ManageForeignRoutes=no
ManageForeignRoutingPolicyRules=no
```

Ẹ restart networkd lóru, kí ẹ tún restart FRR lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan ọ̀nà BGP yín mọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá yí frr.conf padà, `systemctl reload frr` ni kí ẹ máa lò. Ohun tó yàtọ̀ nìkan ló máa fọwọ́ kàn, kò ní já ìjókòó yín.

---

WáyàDúdú · Ọjọ́bọ̀, aago 10:17 àárọ̀

Ẹ wo rp_filter náà, àyẹ̀wò tí kernel ń ṣe lórí ọ̀nà tí páàkẹ́ẹ̀tì gbà wọlé. Pẹ̀lú olùpèsè méjì, páàkẹ́ẹ̀tì lè gba ọ̀nà kan wọlé kí èsì rẹ̀ gba èkejì jáde. Bí rp_filter bá wà ní 1, kernel á da irú páàkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá irú rẹ̀ rí. `all` àti ojú káàdì fúnra rẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi jù ni kernel ń lò, nítorí náà sísọ `all` di 0 kò ran nǹkan kan lọ́wọ́ bí ojú káàdì bá ṣì wà ní 1. Ẹ sọ `net.ipv4.conf.all.rp_filter` di 2, ó parí.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ iná o. Bí sáfà yẹn bá ní power supply méjì, ẹ má kó méjèèjì sórí ìnfátà kan.

---

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìdúró. Sáfà náà ti ń gbé gbogbo ẹrù wa láti àná. rp_filter wà ní 1 lóòótọ́, ẹ ṣé o, WáyàDúdú. Power supply kan wà lórí ìnfátà àtijọ́, èkejì wà lórí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, a sì ti ra ẹ̀rọ tó ń gba ìjì iná dúró sáàárín. Lálẹ́ àná tí ẹrù dé 1.8Gb, kọ́ọ̀ tó ṣiṣẹ́ jù kò dé ìdajì agbára rẹ̀.

Mo dán ohun tí Ọ̀nàKanÒWọjà sọ wò. Mo yọ fáìbà olùpèsè kìíní kúrò lójú sáfà, ẹrù bọ́ sọ́dọ̀ èkejì lójú ẹsẹ̀. Mo tún bẹ olùpèsè náà pé kí wọ́n gé e láti ìpẹ̀kun tiwọn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Switch wọn tó wà láàárín ṣì ń tan iná sí wa, FRR gbà pé aládùúgbò ṣì wà, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ni gbogbo nǹkan fi dákẹ́.

---

ÌyáSáfà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:12 alẹ́

Hold time ni ìyẹn, àkókò tí BGP ń dúró kó tó gbà pé aládùúgbò ti kú; 180 ìṣẹ́jú àáyá ni FRR ń lò bí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ má dín in kù púpọ̀. BFD ni kí ẹ lò. Ẹ sọ bfdd di `yes` nínú daemons, kí ẹ fi `neighbor 192.0.2.1 bfd` kún un, kí ẹ sì bẹ olùpèsè kó tan tirẹ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan nọ́ńbà inú rẹ̀, á máa ránṣẹ́ ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdù 300, bí mẹ́ta bá sì sọnù tẹ̀léra, á kéde ikú.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ tẹ èyí fún olùpèsè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún mi:

```
show bgp ipv4 unicast neighbors 192.0.2.1 advertised-routes
```

---

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:44 alẹ́

Olùpèsè kìíní ti tan BFD. A tún gé e láti ìpẹ̀kun tiwọn: ẹrù ti kọjá sí ọ̀dọ̀ èkejì kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Èkejì ní kí á dúró di ọjọ́ Ajé.

Mo tẹ ohun tí ẹ ní kí n tẹ̀, mà, fún àwọn méjèèjì. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: 203.0.113.0/24.